Ilẹ̀ oko wa ń le sí i, ajílẹ̀ kò sì ràn án mọ́: kí ni ó kù tí a lè ṣe?

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, àrokóbọ́dúndé o. Orí ilẹ̀ ìdílé wa ni mo ti ń dáko, lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀, níbi tí àwọn ilé tuntun Òṣogbo ti ń sún mọ́ oko lọ́dọọdún. Ní ayé bàbá wa, bí wọ́n bá ti gbin iṣu, tí wọ́n gbin àgbàdo tẹ̀lé e, tí ẹ̀gẹ́ sì kẹ́yìn, wọn a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó di igbó, wọn a sì ṣí lọ sórí òmíràn. Àwa kò ní ibi tí a lè ṣí lọ mọ́. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì, èyí tí ó ṣẹ́kù ni à ń gbìn ní àgbìntúngbìn láìjẹ́ kí ó sinmi.

Ohun tí mo ń rí lórí ilẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Bí òjò bá rọ̀ tí oòrùn sì ràn lé e lórí, ojú ilẹ̀ a gan, a sì máa dán bí ojú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, débi pé àgbàdo tí ó ń hù a máa fi agbára la ojú rẹ̀ kí ó tó yọ. Bí àgbàdo náà bá tó orúnkún, àwọn ewé ìsàlẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó wọn, pípọ́n náà a sì máa tọ eegun àárín ewé wọlé lọ, nígbà tí ewé òkè ṣì tutù. Mo ń fi NPK 15-15-15, ajílẹ̀ àpò tí ó ní náítírójìn, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù tí í ṣe oúnjẹ ọ̀gbìn, sí i, ìwọ̀n tí mo ń lò sì ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n ìkórè kò bá a pọ̀. Ẹ̀kan ti gba apá kan oko náà. Àwọn òkìtì kéékèèké tí ekòló máa ń yà sójú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí a mọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, n kò rí wọn mọ́ àfi lábẹ́ àwọn igi tí ó wà ní ààlà.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ajílẹ̀ ni kò tó, àbí ohun mìíràn ni ilẹ̀ náà ń béèrè? Aládùúgbò mi kan bu èérún igi láti ilé ìlagi, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ oko rẹ̀ pé yóò di ajílẹ̀, ṣùgbọ́n pípọ́n ni àgbàdo rẹ̀ ń pọ́n ju tèmi lọ. Imí adìẹ kò wọ́n wa ní agbègbè yìí. Àwọn kan ní kí n dà á sí oko ní tútù, àwọn kan ní kò dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Ilẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àkíyèsí. Ẹni tí ó bá wo ewé dáadáa báyìí ti bá ẹni tí yóò dá a lóhùn ṣe ìdajì iṣẹ́.

Láti ara ewé náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Pípọ́n tí ó bá ti ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó gba ṣóńṣó wọlé, tí ó sì tọ eegun àárín ewé lọ, àìtó náítírójìn ni. Àgbàdo tí kò bá rí náítírójìn tó nínú ilẹ̀ a máa yọ ọ́ kúrò lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìdí nìyẹn tí ti òkè fi tutù nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé etí ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń jó tí àárín rẹ̀ sì tutù, pòtásíọ̀mù ni à bá wá. Bí àgbàdo kékeré bá ní àwọ̀ àlùkò lára ewé, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ni kò tó o. Bí ó bá sì jẹ́ ewé tuntun lókè ni ó kọ́kọ́ pọ́n, a ó fura sí imí-ọjọ́ tàbí irin. Nítorí náà, ohun tí ebi ń pa àgbàdo yín fún kò fara sin.

Ẹ ó bi mí pé níbo wá ni náítírójìn inú ajílẹ̀ wọlé sí. Àpò NPK 15-15-15 tí ó wọn kílò 50 kò ní ju kílò 7.5 náítírójìn nínú lọ. Tọ́ọ̀nù kan èso àgbàdo tí a bá gbé kúrò lóko a máa kó nǹkan bí kílò 15 náítírójìn lọ, ìyẹn ohun tí ó wà nínú àpò méjì, bí a bá tilẹ̀ gbà pé gbogbo rẹ̀ ni ó dé inú àgbàdo. Kì í sì í dé ibẹ̀ tán. Náítírójìn ajílẹ̀ a máa di náítíréètì nínú ilẹ̀, náítíréètì kì í sì í lẹ̀ mọ́ nǹkan; bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò lè bá a dé.

Irú ilẹ̀ tí a ní ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ara òkúta àtayébáyé bíi granite àti gneiss ni ilẹ̀ agbègbè Òṣogbo ti jáde, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ Ìwó, ìlú tí ó wà lẹ́bàá wa, pe ọ̀kan pàtàkì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yanrìn ni ó pọ̀ lókè rẹ̀. Bí a bá walẹ̀ díẹ̀, a ó bá òkúta wẹẹrẹ àti amọ̀ pupa, amọ̀ náà kò sì lágbára púpọ̀ láti di oúnjẹ ọ̀gbìn mú. Nínú ilẹ̀ tí ó rí báyìí, ilẹ̀dú, ìyẹn ohun dúdú tí ewé àti gbòǹgbò máa ń dì nígbà tí wọ́n bá jẹrà, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdìmú náà. Bí ilẹ̀dú bá ti tán lórí oko, púpọ̀ nínú ajílẹ̀ tí ẹ ń rà, odò ni ó ń gbà á.

Àwọn ẹ̀dá alààyè ni wọ́n ń ṣe ilẹ̀dú, nípa wọn ni mo sì fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ pẹ́. Gíráàmù kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ tí ó dára lè gba bakitéríà tí ó tó bílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹ̀yà olú tí òwú wọn kéré ju kí ojú rí lọ, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń jẹ bakitéríà, ikán, àti ekòló tí ó dà bí ọ̀gá gbogbo wọn. Àgbàdo fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ púpọ̀ nínú wọn. Apá kan nínú ṣúgà tí ewé ń ṣe lójú oòrùn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú gbòǹgbò jáde sínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sì kóra jọ yí gbòǹgbò náà ká. Àwọn pẹ̀lú a máa tú oúnjẹ tí ó há sínú ewé jíjẹrà àti sára òkúta sílẹ̀ fún un. Irú olú kan wà tí wọ́n ń pè ní mycorrhiza, tí ó ń wọ inú gbòǹgbò ọ̀gbìn, tí ó sì ń na òwú rẹ̀ jáde lọ sí ibi tí gbòǹgbò kò lè dé láti wá fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì bọ̀. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀ bíi náítíréètì. Irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ pupa wa a máa dì í mú pinpin. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó lè hù lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, òwú olú yìí ni ó gbára lé gidigidi, nítorí pé gbòǹgbò tirẹ̀ kò pọ̀, kò sì tín-ín-rín tó.

Ojú ilẹ̀ tí ó ń gan yẹn náà, ọ̀rọ̀ wọn ni. Omi olóje tí bakitéríà ń ṣe àti òwú olú ni wọ́n ń so erùpẹ̀ pọ̀ di hóró-hóró, tí afẹ́fẹ́ àti omi fi ń rí àyè gbà láàárín wọn. Bí a bá sun koríko oko lọ́dọọdún, tí a sì fi ilẹ̀ sí ìhòòhò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ojú ilẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. Ebi a pa àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, ooru a sì pa wọ́n. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ẹ̀kán òjò a fọ́ hóró náà túútúú, lẹ́bú rẹ̀ a dí ojú ihò ilẹ̀, ojú ilẹ̀ a sì gan.

Ẹ dán èyí wò kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ mú ògúlùtu gbígbẹ kan láti àárín oko yín, ẹ mú òmíràn tí ó tó o lábẹ́ àwọn igi ààlà tí ẹ sọ, ẹ rọra gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ife omi tí ó mọ́ gaara. Tàbí kí ẹ gbé e lé orí abala nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nínú omi náà, kí ẹ lè rí ohun tí ó ń já bọ́. Èyí tí ó ti inú oko wá yóò tú, omi yóò sì di ẹrẹ̀ kíákíá. Ti abẹ́ igi yóò pẹ́ kí ó tó tú, òmíràn kì í tilẹ̀ í tú rárá, ẹ ó sì rí gbòǹgbò funfun tín-tìn-tín tí ó so ó pọ̀.

Ìyá Àkùrọ̀:

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ sọ ti imí adìẹ àti èérún igi, nítorí pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni mò ń gbìn ní etí omi, ohun tí ó sì ń bọ́ àkùrọ̀ mi nìyẹn.

Èérún igi kò burú, bí aládùúgbò rẹ ṣe lò ó ni kò tọ́. Kábọ́ọ̀nù inú èérún igi lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn inú rẹ̀, nígbà tí ti imí adìẹ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 10 lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí yóò jẹ èérún igi náà nílò náítírójìn láti fi kọ́ ara wọn, bí wọn kò bá sì rí i nínú oúnjẹ tí a gbé síwájú wọn, inú ilẹ̀ ni wọn yóò ti mú un, àgbàdo yóò sì wà láìní. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, tí àwọn náà sì kú, náítírójìn yẹn yóò padà sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo ọdún náà kò ní dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni ó tẹ́ èérún igi náà sí láìdà á pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, ìpalára rẹ̀ kì bá tó bẹ́ẹ̀.

Imí adìẹ tútù ní tirẹ̀ ní náítírójìn tí ó pọ̀ jù fún gbòǹgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Òórùn tí ó ń ta ọ́ nímú, tí ó sì ń mú omi jáde lójú, náítírójìn tí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni. Yóò jó ẹ̀fọ́ rẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnikẹ́ni tí ń gbin ẹ̀fọ́ tí ènìyàn yóò jẹ kò gbọ́dọ̀ da imí tútù sí i, nítorí àìsàn inú.

Nítorí náà, mo máa ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Agbọ̀n imí adìẹ kan, agbọ̀n èérún igi kan, àti ewé jogbo tútù tí a gé wẹ́wẹ́ láàárín wọn, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi ga tó ìgbáyà ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ilé adìẹ tí wọ́n tẹ́ èérún igi sí nílẹ̀ ni o ti kó imí náà, èérún igi ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, dín èyí tí o máa fi kún un kù. Má ṣe gba èérún pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí. Wọ́n omi sí i bí o ṣe ń tò ó. Bí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí o sì fún un, ọwọ́ rẹ ni kí ó tutù, kí omi má ṣe ṣàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú òkìtì náà yóò gbóná; bí o bá ti irin gígùn kan bọ̀ ọ́ nínú tí o sì fà á jáde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò yẹ kí o lè di irin náà mú pẹ́. Ooru yẹn ni ó ń pa èso koríko àti kòkòrò àìsàn. Bí ó bá ti ń rọlẹ̀, yí i padà kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sí àárín, yóò sì tún gbóná. Bò ó nígbà òjò, kí omi má baà fọ ọ̀rá inú rẹ̀ lọ. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, òórùn burúkú náà á lọ, yóò di ohun dúdú tí ó ń rún lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò nìkan ni wàá sì máa gbọ́ lára rẹ̀.

Jogbo ni igi tí ń tanná òfééfèé ní etí títì káàkiri ìlú wa, èyí tí àwọn ènìyàn ń gé dànù. Nínú ewé rẹ̀ tí ó bá gbẹ, nínú ìwọ̀n 100, náítírójìn jẹ́ nǹkan bí 3.5, pòtásíọ̀mù sì jẹ́ nǹkan bí 4. Ajílẹ̀ tí a kò fowó rà ni. Gé e kí ó tó so, ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ nìkan ni kí o lò, kí o fi igi rẹ̀ tí ó le sílẹ̀.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Ìlobùú:

Ẹ ṣé, Màmá. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ń bẹ̀rù láti sọ òdodo. Ajílẹ̀ inú àpò ni ó pa ilẹ̀ wa. Nínú igbó Ọ̀ṣun tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú Òṣogbo níbí, ta ni ó ń da NPK sí ìdí igi? Síbẹ̀, àwọn igi náà ga, wọ́n sì tutù yọ̀yọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ dá ajílẹ̀ àpò dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa tẹ́ ewé sórí ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe iṣẹ́ wọn. Wọn yóò wá gbogbo ohun tí ọ̀gbìn nílò fún un.

Olùkọ́ Ilẹ̀:

Àbúrò mi, mo gbọ́ yín, ìdí tí ẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀ sì yé mi. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ajílẹ̀ bíi yúríà a máa sọ ilẹ̀ di kíkan bí a bá ń lò ó lọ́dọọdún láìfi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn, àwọn bakitéríà kan tí ó wúlò kò sì fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Eérú ìdáná tí a wọ́n díẹ̀díẹ̀ lè dín kíkan náà kù, imí adìẹ pẹ̀lú a sì máa ràn án lọ́wọ́ nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀.

Àmọ́ àpẹẹrẹ igbó Ọ̀ṣun kò bá ti oko mu. Ewé tí ó bá wọ́ nínú igbó yẹn, ìdí igi kan náà ni ó ń jẹrà sí. Kò sí ẹni tí ń di èso rẹ̀ sínú àpò lọ sí ọjà. Oko àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí ó gbé àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ kúrò lóko, ó gbé fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù lọ pẹ̀lú, ẹ̀gẹ́ ní pàtàkì a sì máa kó pòtásíọ̀mù púpọ̀. Bakitéríà lè fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, nítorí pé ó kún inú afẹ́fẹ́. Kò sí bakitéríà kankan tí ó lè dá fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tí kò sí nínú ilẹ̀. Wọ́n lè tú èyí tí ó há sílẹ̀, èyí tí ó há náà sì lópin. Ohun tí a bá gbé lọ ni a gbọ́dọ̀ dá padà, ì báà jẹ́ láti inú imí adìẹ tàbí láti inú àpò.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ dín ajílẹ̀ àpò kù bí ilẹ̀dú ṣe ń pọ̀ sí i, kì í ṣe kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá dá a dúró lójijì lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, ìkórè rẹ̀ yóò wálẹ̀, igi àti ewé àgbàdo tí ì bá fi bo ilẹ̀ yóò kéré, ilẹ̀ náà yóò sì tún tòṣì sí i. Ẹ pín in sí ìgbà méjì: díẹ̀ nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀, ìyókù nígbà tí ó bá tó orúnkún. Inú ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Yúríà tí a bá fọ́n sójú ilẹ̀ lásán, apá kan rẹ̀ a bá afẹ́fẹ́ lọ. Ní ti imí adìẹ tí ó ti jinná, tọ́ọ̀nù 5 sí 10 fún hẹ́kítà kan ni àwọn olùwádìí wa sábà máa ń dámọ̀ràn fún àgbàdo. Tọ́ọ̀nù 10 náà, bí ẹ bá pín in, kílò kan ni yóò kan ibi tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni bíbo ilẹ̀. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, orí irú ilẹ̀ tiwa gan-an ni ó sì ti fi hàn pé oko tí a fi pòròpórò àgbàdo bò, tí a kò tú ilẹ̀ rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù erùpẹ̀ kankan fún àgbàrá, nígbà tí èyí tí a tú tí a sì fi sí ìhòòhò ń ṣàn lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìmọ̀ tí a kọ́ ní Ìbàdàn ni èyí, ó sì dùn mí pé àwa tí a wà nítòsí ni a kò lò ó tó.

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Ẹ ṣé, Olùkọ́. Mo ti dán ti ògúlùtu inú omi wò. Ti àárín oko tú ká kí n tó gbé ife kejì kalẹ̀, ti abẹ́ igi ààlà sì wà ní odidi fún ìgbà pípẹ́. Ó kù ohun méjì tí ó ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kan, nítorí pé bí a bá ro ó, ó tún ń hù láti inú gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìkejì ni pé bí mo bá fi pòròpórò bo ilẹ̀, iná ọ̀gbẹlẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń dá, tàbí ti oko ẹlòmíràn tí ó ń ràn, lè jó gbogbo rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bákan náà, ṣé ẹ̀wà tí mo ń gbìn kò tó láti pèsè náítírójìn?

Olùkọ́ Ilẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀wà wá. Bakitéríà tí ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti òtílì ni ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ̀wà yín bá ń tanná, ẹ fi ọkọ́ wa ìdí kan jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu, kókó náà yóò já sílẹ̀. Ẹ fi omi ṣan erùpẹ̀ náà kúrò, kí ẹ fi èékánná la àwọn kókó náà. Bí inú wọn bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí a fi omi là, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, wọn kò ṣe nǹkan kan, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ni kò tó wọn tàbí pé ilẹ̀ ti kan jù. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú náítírójìn náà, inú èso ẹ̀wà ni ó ń lọ. Bí ẹ bá kó èso tí ẹ sì tún kó ìtàkùn àti ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́, ohun tí ilẹ̀ yóò rí kò tó nǹkan. Ẹ fi ìtàkùn náà sílẹ̀ lóko.

Fún ẹ̀kan, Mucuna ni n ó sọ. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí a ń gbìn kì í yún ara, ẹ má fòyà. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á lọ́pọ̀ yanturu nítorí ẹ̀kan yìí gan-an, láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ ṣán ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀, ẹ gbin Mucuna nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Yóò fà bo ojú ilẹ̀, yóò sì dí oòrùn mọ́ ẹ̀kan, èyí tí kò lè gbé láìrí oòrùn. Nínú àgbàdo, ẹ jẹ́ kí àgbàdo fi ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ṣáájú rẹ̀, kí ó má baà gun àgbàdo náà pa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò kú fúnra rẹ̀, yóò sì di ibora tí ó nípọn lórí ilẹ̀, èyí tí ẹ lè la ihò gbin àgbàdo sí lọ́dún tí ó ń bọ̀ láìkọ ebè. Ẹ má ṣe jẹ èso rẹ̀ bí ẹ̀wà, oògùn alágbára kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Ibora gbígbẹ yìí ni iná ń fẹ́ràn, ìbẹ̀rù yín kì í sì í ṣe lásán. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ ro ẹ̀bá oko náà yíká ní ìwọ̀n mítà mẹ́ta ó kéré tán, kí ó mọ́ dé erùpẹ̀, kí ẹ sì bá àwọn tí oko wọn bá yín pààlà sọ ọ́ kí wọ́n lè ṣe tiwọn. Ní ojú ààlà gan-an, ẹ ri ẹ̀ka agúnmaniyè mọ́lẹ̀ nígbà òjò ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn. Òun náà ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ẹ ó sì lè máa gé ewé rẹ̀ sórí oko lẹ́ẹ̀melòó kan láàárín ọdún. Ọgbà yẹn yóò tún dín ẹsẹ̀ màlúù tí ń wọlé wá jẹ pòròpórò kù. Má ṣe retí pé gbogbo ilẹ̀ náà ni ẹ ó bò lọ́dún kan. Ibi tí ẹ̀kan ti gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún Mucuna, kí ẹ kó òkìtì imí adìẹ tí Màmá kọ́ yín sí apá tí ẹ fẹ́ gbin àgbàdo sí.

Kí ẹ tó náwó sórí ajílẹ̀ mìíràn, ẹ gbé ilẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. IAR&T, ilé ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa. Ẹ bu ilẹ̀ ní nǹkan bí ibi 15 káàkiri oko, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ yẹra fún ojú eérú, ìdí igi àti ibi tí òkìtì imí adìẹ ti jókòó rí. Ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú ike tí ó mọ́, ẹ má ṣe lo garawa tí wọ́n ti fi po ajílẹ̀ rí, ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ, kí ẹ sì bu ìdajì kílò sínú ọ̀rá. Ibi tí ẹ̀kan wà, ẹ bu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíkan rẹ̀, kábọ́ọ̀nù, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti zinc wò. Bí èsì bá dé, ẹ gbé e wá síbí kí a jọ kà á.